Ta Ni Ìyá Tó Jókòó Láàárín Yìí? Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Lórí Fọ́tò Ìdílé Àtijọ́

Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fọ́tò àwọn bàbá ńlá yín pọ̀ ju ojú ewé tí a ní lọ. Bí ẹ bá kà wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé orúkọ ni gbogbo yín ń wá, ẹ sì fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò kì í sábà dárúkọ. Ọdún ló máa ń kọ́kọ́ sọ, tàbí kó sọ ọdún tí òun kò lè jẹ́. Ẹni tó bá ti mú ọdún yóò mọ ẹni tó ti kú nígbà yẹn, ẹni tí wọn ò tíì bí, ẹni tó wà ní ìdálẹ̀. Orúkọ tó máa ṣẹ́ kù kò ní ju méjì mẹ́ta lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, fọ́tò 17 la bá nínú àpótí wọn. Kò sí orúkọ lẹ́yìn ẹyọ kan. Òǹtẹ̀ onífọ́tò wà lẹ́yìn 8 nínú wọn: ọ̀kan ní "Kumasi, G.C.", mẹ́ta ní "Ogbomosho, W/Nigeria", ọ̀kan ní "Western State", mẹ́ta ní "Oyo State". Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ-ọmọ kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni, ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ná.

"G.C." ni Gold Coast. Orúkọ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 tí Ghana gba òmìnira. Ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn ti dúró níwájú onífọ́tò Kumasi ṣáájú ìgbà náà, tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè nínú ẹbí pé ta ló lọ ṣòwò ní Gánà, ta ló bá a lọ, ta ni wọ́n bí sọ́hùn-ún. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kò kéré, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sì ń fi oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, ka ọdún títí dòní. Bí ọmọ kan bá ti ń dá dúró nínú fọ́tò náà tó sì wà láyé, àgbàlagbà ẹni bí 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹ wá a lọ kí ẹ tó wá ẹlòmíràn.

Àwọn mẹ́ta tó ní "W/Nigeria" wá láti ayé Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, tó ṣáájú Western State. Western State bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, ó sì parí ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 tí wọ́n pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó. Òǹkàwé tí fọ́tò tirẹ̀ wá láti Òṣogbo tàbí Iléṣà tún jèrè níhìn-ín, torí "Oyo State" lẹ́yìn fọ́tò Òṣogbo kò lè ṣáájú 1976, kò sì yẹ kó pẹ́ ju oṣù kẹjọ 1991 lọ, nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò. "Ondo State" lẹ́yìn fọ́tò Adó-Èkìtì bọ́ sáàárín 1976 sí oṣù kẹwàá 1996. Ní ìlú ìbùgbé yín, Ìlọrìn, orúkọ Kwara kò sí kó tó di 1968.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Onífọ́tò kì í sọ òǹtẹ̀ rọ́bà nù torí pé ìjọba pín ìpínlẹ̀. Owó ló fi ṣe é, yóò lò ó títí yóò fi jẹ. Nítorí náà orúkọ tuntun dájú pé fọ́tò kò lè ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ lè fi ọdún mẹ́rin márùn-ún kọjá ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹ tún wo bóyá iye owó wà ní igun ẹ̀yìn, tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ. Bí ó bá jẹ́ "2/6" tàbí "5/-", ṣílè ni, ó ti ṣáájú ọjọ́ kìíní ọdún 1973 tí náírà dé.

Ẹ wá tẹ́ gbogbo wọn sórí ẹní. Ẹ má tò wọ́n ní ìdílé ìdílé, ẹ tò wọ́n ní ilé fọ́tò ilé fọ́tò. Èyí ni yóò sọ ọ̀rọ̀ àwọn 9 tí kò ní òǹtẹ̀. Ẹ wo aṣọ tí onífọ́tò ta sẹ́yìn wọn: àtẹ̀gùn tí wọ́n kùn, òdòdó, ọkọ̀ òfúrufú, kọ́tìnì. Ẹ wo ilẹ̀ náà, bóyá kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà alápótí-àpótí ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ àga. Aṣọ ẹ̀yìn kan náà lè wà ní ilé fọ́tò fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó ń gbó: igun rẹ̀ ń ya, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, ọ̀dà rẹ̀ á máa ṣí. Bí igun òsì bá ti ya nínú fọ́tò "Western State", tí kò sì tíì ya nínú èyí tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ti mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ̀rọ tẹlifóònù, rédíò àti àwo òdòdó tó wà lórí tábìlì kò sọ pé olówó ni bàbá yín. Ẹrù onífọ́tò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n rédíò kan náà nínú fọ́tò méjì sọ pé ilé fọ́tò kan náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní bàbá ńlá wa tó kú ní 1931 ló wà nínú fọ́tò ńlá tí a gbé kọ́ ilé. Mo tú férémù rẹ̀ láti nù ún, mo rí "Ogun State" lẹ́yìn. Ṣé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún wa láti ọjọ́ yìí? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó lè má jẹ́ irọ́. Ọjọ́ orí pépà àti ọjọ́ orí àwòrán jẹ́ nǹkan méjì. Ó wọ́pọ̀ kí ẹbí gbé fọ́tò kékeré tó ti ń ṣá lọ fún onífọ́tò nígbà ìsìnkú tàbí ìrántí, kó fi kámẹ́rà ya fọ́tò náà, kó sì tẹ èyí tó tóbi jáde. Ẹ̀dà ni ẹ gbé kọ́ ilé.

Bí ẹ ṣe máa dá ẹ̀dà mọ̀ nìyí. Bí ẹ bá rí ibi tó sán tàbí tó ká, ẹ fi èékánná kàn án jẹ́ẹ́: bí ojú bá rí i tí ọwọ́ kò gbọ́ ọ, inú fọ́tò ti àkọ́kọ́ ni ó ti sán. Ẹ wá òjìji ihò ìṣó tàbí igun tó ti fàya, tó wá di ara àwòrán. Ojú ẹni náà yóò rọ̀ bí ẹni pé èéfín bò ó, ṣùgbọ́n ẹyinjú, ìpéǹpéjú àti etí fìlà yóò mú ṣáṣá, torí onífọ́tò ti fi pẹ́ńsù tún wọn fà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà nínú àwòrán sì lè funfun báláú, wọ́n ti kun àga àti èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa.

Ibi tí wọ́n ti kun èèyàn pa yẹn ni kí ẹ dúró sí. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo èjìká bàbá, orúnkún rẹ̀ àti etí aṣọ rẹ̀. A máa ń rí ọwọ́ tí kò ní olówó: ìka mẹ́rin lórí èjìká, tàbí etí ìró ẹlòmíràn lẹ́bàá àga. Ìyẹn ni pé kì í ṣe òun nìkan ló ya fọ́tò náà. Ti àkọ́kọ́ wà níbì kan, ó kéré, ó lè lẹ̀ mọ́ páálí, ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ obìnrin tó lọ ilé ọkọ, torí ọ̀dọ̀ wọn ni irú rẹ̀ sábà máa ń gbé, ilé bàbá kọ́.

Fún ẹ̀rí lórí pépà fúnra rẹ̀, ẹ yá iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pa iná, ẹ tan án sí ẹ̀yìn fọ́tò. Bí ó bá tàn bí aṣọ funfun tí wọ́n rẹ sínú búlúù, pépà náà ní èròjà tí àwọn ilé iṣẹ́ kò pò mọ́ ọn kó tó di nǹkan bí 1950 sí 1955. Bí kò bá tàn, kò fi dandan jẹ́ pé ó ti pẹ́, torí kì í ṣe gbogbo pépà ẹ̀yìn ìgbà náà ló ní in. Ọṣẹ ìfọṣọ ní èròjà kan náà, nítorí náà fọ́tò tí wọ́n ti fi aṣọ tó ní ọṣẹ nù yóò tàn ní àbàwọ́n àbàwọ́n. Ẹ má ka ìyẹn sí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni aṣọ lè sọ ọdún? Ẹ̀gbọ́n mi ní àròsọ ni. (Aláṣọ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Aṣọ lè sọ pé "kò lè ṣáájú". Kò lè sọ pé "kò lè pẹ́ jù". Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti jàre nìyẹn: aṣọ ń wà nínú àpótí, ọmọ ń ró ìró ìyá rẹ̀, onífọ́tò sì ní kóòtù, táì àti agbádá tó ń yá àwọn oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àdìrẹ Olóba. Ojú ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún àti Mary, ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣe é fún àjọ̀dún ọdún 25 ọba náà lórí oyè ní 1935. Nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú-òun-funfun, ẹ óò kàn rí òbírípo bí ẹyin pẹ̀lú orí méjì nínú rẹ̀, ní orúnkún ìyá tó jókòó. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Bí ẹ bá rí i, kò sí ẹni tó lè sọ fún yín mọ́ pé 1920 ni wọ́n ya fọ́tò náà. Bákan náà ni àdìrẹ Ìbàdàndùn tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó: 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Àńkárá òmìnira kò ṣáájú 1960, ti FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, kò ṣáájú ìmúrasílẹ̀ àjọ̀dún náà ní 1977. Léèsì tí ń ti Austria wá di aṣọ òde níhìn-ín láti àwọn ọdún 1960, ó sì gbòde kan nígbà owó epo ní 1970 sókè.

Irun obìnrin dára ju aṣọ lọ, torí a kì í tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ẹni tó bá di irun Èkó Bridge, olówùú tó tẹ̀ kọjá orí bí afárá, kò lè ti dì í kí wọ́n tó máa kọ́ afárá náà, láàárín 1965 sí 1975. Ṣùkú àti ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ kò ràn yín lọ́wọ́ rárá, wọn ò lọ́jọ́ orí. Ìró kúkurú ti òlékú náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ayé àwọn ọdún 1960 sí 1970 ló ti kọ́kọ́ jáde, ó sì tún padà dé ní apá ìparí 1990. Bí fọ́tò bá jẹ́ aláwọ̀ mèremère tí pépà rẹ̀ sì dán bí ọ̀rá lẹ́yìn, ti èkejì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

ÌBÉÈRÈ: Fọ́tò agbo ilé ni. Èèyàn 11: ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́ta jókòó, mẹ́rin dúró, ọmọ mẹ́ta lórí ẹní. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n kọ "Bàbá mi àti Eyínfúnjowó, 1962". Àwọn àgbà méjì tí mo bi ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún obìnrin tó wà láàárín. (Òǹkàwé kan, Èkó)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò yẹn ni ká kọ́kọ́ tú. Eyínfúnjowó kì í ṣe orúkọ ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tó wọlé ku ọ̀la ni wọ́n bí i. Yóò sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Adúmáadán tàbí Akọ̀wé. Nítorí náà ìyàwó ilé kan ló kọ ọ́, tàbí ó ní kí ọmọ kan bá òun kọ ọ́, ẹni tó sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé náà. Ẹ ò ní rí orúkọ yẹn nínú ìwé ìrìbọmi. Ìyàwó méjì lè fún ọmọ kan ní orúkọ méjì, torí náà kì í ṣe gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó yẹ ni: "Ìyàwó wo ló ń pe èèyàn ní Eyínfúnjowó nínú ilé yìí?" Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ni òǹkọ̀wé yín. Nígbà náà ni "Bàbá mi" yóò tó yanjú, torí ó lè jẹ́ bàbá tó bí i, bàbá ọkọ rẹ̀, àbúrò bàbá, tàbí ọkọ rẹ̀ gan-an tí ó ń fi orúkọ ọmọ pè.

Ìjókòó náà ní òfin. Ẹni tó dàgbà jù tàbí ẹni tí òde jẹ́ tirẹ̀ ló ń gba àárín. Obìnrin tó jókòó ti ọkùnrin kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ dandan. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ilé sì ń jókòó níbi tí ìyàwó ti ń dúró. Láàárín àwọn ìyàwó, ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ lè rí ìyálé tí ojú rẹ̀ ṣì tutù lórí àga, kí ìyàwó tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí dúró lẹ́yìn nítorí pé opó tí wọ́n ṣú ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́tò mìíràn lé itan, òkú ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó wà nínú férémù kékeré yẹn, wọ́n sì fẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ kà á mọ́ èèyàn 11 yẹn.

Àwọn àgbà méjì kò gbà pẹ̀lú ara wọn, ó lè jẹ́ ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè ló fà á. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ ní, "Mọ́mì, ṣé ìyá Bàbá Ìbàdàn kọ́ nìyí?", wọ́n á ní "Ó jọ ọ́," ó parí. Ẹ̀yin lẹ fi orúkọ sí wọn lẹ́nu. Ẹ tún un ṣe báyìí. Ẹ tẹ ẹ̀dà fọ́tò náà jáde ní íńṣì 8 sí 10, pépà lásán ti tó. Ojú fóònù kéré jù fún ojú àgbà. Ẹ kọ nọ́ńbà sí àyà ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀dà náà, láti 1 dé 11. Ẹ lọ bá àgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ní òwúrọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹni tí wọ́n mọ̀ dájú, bóyá ọmọdé orí ẹní tó ṣì wà láyé. Ẹ béèrè aṣọ kí ẹ tó béèrè èèyàn: "Aṣọ òde wo nìyí? Ta ló ṣe òde náà?" Lẹ́yìn náà ni: "Nọ́ńbà 3 ńkọ́, kí ni oríkì rẹ̀? Ọmọ ìyá ta ni? Ta ni wọ́n bí tẹ̀ lé e?" Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Àgbà tó gbàgbé orúkọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹni náà, orúkọ á sì jáde láàárín oríkì.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ọdún, ẹ má fi ọdún yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ béèrè: ṣé ogun Hítílà ti parí (1945)? Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ (1955)? Ṣé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti wá (1956)? Ṣé ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti ṣẹlẹ̀ (1968 sí 1969)?

Bí èdè-àìyedè bá ṣì wà, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ wá lọ sí ìdí ìwé: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ẹ má fojú kéré kàlẹ́ńdà. Ẹgbẹ́ àti ìdílé tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń to orí ọmọ ẹgbẹ́ sí i bí owó ẹyọ, wọ́n á sì tẹ orúkọ sábẹ́ olúkúlùkù. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, lábẹ́ ẹní bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn férémù ló sábà máa ń wà. Etí èèyàn kì í yí padà bí ojú; ẹ fi etí tó wà nínú kàlẹ́ńdà wé ti inú fọ́tò. Ẹ wo ọwọ́ náà. Ọmọ tó ní ìka mẹ́fà, Olúgbódi ni. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó láti ọ̀run, Dàda ni, kò sí àgbà ilé tó máa gbàgbé rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Fọ́tò ìbejì ìyá wa wà lọ́wọ́ wa, àwọn méjèèjì jókòó, aṣọ kan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé èkejì wọn ti kú kó tó rìn. Ta wá ni ọmọ kejì? (Ọmọ Ìlá kan, London)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá yín náà ni, lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ìlá Ọ̀ràngún àti ní àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, onífọ́tò ń ṣe èyí dáadáa nígbà tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbi tí ère ìbejì ti ń dúró. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, yóò ya èyí tó ṣẹ́ kù, yóò sì tẹ nẹ́gẹ́tífù (fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò jáde) kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ló kú tí obìnrin kù, wọ́n á ya ọmọ náà nínú aṣọ obìnrin, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọkùnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì ní ojú tí èkejì rẹ̀ ì bá ní.

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì jáde ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ gé ọmọ apá òsì kúrò lára ọ̀kan, ẹ gbé e lé ọmọ apá ọ̀tún lórí, kí ẹ gbé wọn dojú kọ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá. Ìbejì gidi lè jọra, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn kò lè ṣẹ́ sí ibì kan náà, ìkákò aṣọ ní itan wọn kò lè bá ara wọn dọ́gba. Bí gbogbo rẹ̀ bá bo ara wọn mọ́lẹ̀ pátápátá, nẹ́gẹ́tífù kan ni. Ẹ tún wo àárín fọ́tò láti òkè dé ilẹ̀: ìlà tín-ín-rín tó dúdú tàbí tó funfun díẹ̀, àwòrán ilẹ̀ tó já lójijì, ọ̀pá àga tí kò bá ìkejì rẹ̀ pàdé. Bí aṣọ bá yàtọ̀, gbígbé ọ̀kan lé èkejì yẹn kò ní ṣiṣẹ́. Etí àti ìlà ojú ni kí ẹ wò.

Ẹ má kọ "Táyé àti Kẹ́hìndé" sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ dákẹ́. Ẹni tó máa jogún fọ́tò náà yóò máa wá ọmọ kejì kiri. Ẹ kọ orúkọ èyí tó yè, pé òun ló wà ní apá méjèèjì, àti orúkọ èyí tí wọ́n ya fọ́tò náà fún.

ÌBÉÈRÈ: Ìlà bàámú bàbá àgbà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nínú fọ́tò kan, ó wà ní ọ̀tún nínú èkejì. Ṣé èèyàn méjì ni? (Òǹkàwé kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Èèyàn kan. Wọ́n fi ẹ̀yìn nẹ́gẹ́tífù tẹ ọ̀kan. Àpò agbádá tó ní iṣẹ́ ọnà ń wà ní àyà òsì ẹni tó wọ̀ ọ́, ìyẹn apá ọ̀tún ẹ̀yin tó ń wo fọ́tò. Fọ́tò tí àpò bá bọ́ sí apá òdì ni wọ́n tẹ̀ lódì. Bí kò bá sí agbádá, ẹ wo bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì: ti ọkùnrin, apá òsì ló ń bo ọ̀tún. Bí ìlà bá wà nínú fọ́tò kan tí kò sí rárá nínú èkejì, ẹ má yára pín in sí èèyàn méjì, torí onífọ́tò ń fi pẹ́ńsù bo ìlà lórí nẹ́gẹ́tífù fún oníbàárà tó bá bẹ̀ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Ọmọ mi ní ká rẹ ẹ́ sínú omi. (Ìyá kan, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ ẹ́, ẹ má sì fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ojú àwòrán ló ti yọ́ mọ́ gíláàsì nígbà òjò. Ohun tó bá kù lára gíláàsì kò ní padà. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ nu gíláàsì lóde, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ sìkáànì pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. 600 dpi (iye àmì tí sìkáànì ń kà nínú íńṣì kan) tó fún èyí tó tó ìwọ̀n pósítìkáàdì, 1200 fún pásípọ́ọ̀tù. Bí kò bá sí sìkáànì, ẹ fi fóònù yà á níta lábẹ́ òjìji, láìtan iná fóònù, kí ẹ so aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹ̀yin tó ń yà á kí gíláàsì má baà gbé ojú yín jáde.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù mi dá ojú mọ̀. Ó ní ìyá àgbà àti mọ́mì mi jẹ́ ẹnì kan náà. (Òǹkàwé kan, Houston)

ÌDÁHÙN: Ó ń sọ fún yín pé wọ́n jọra ni, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò tí onífọ́tò ti fi pẹ́ńsù tún ojú ṣe, iṣẹ́ pẹ́ńsù náà ni fóònù ń kà. Ẹ lò ó láti kó fọ́tò tó jọra pọ̀, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí.

ÌBÉÈRÈ: A ti mọ gbogbo wọn tán. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ tí kò ní bà á jẹ́? (Ìdílé kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Pẹ́ńsù rírọ̀, 2B, sí etí ẹ̀yìn fọ́tò, níbi tí kò sí ojú èèyàn ní iwájú. Ẹ dojú fọ́tò dé orí gíláàsì mímọ́, ẹ má tẹ pẹ́ńsù mọ́ ọn. Bírò ń jẹ́ pépà, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹ óò rí i láti iwájú. Pépà oníke kò gba pẹ́ńsù, nítorí náà ẹ kọ tirẹ̀ sára àpò ìwé tí ẹ máa fi í sí. Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù, ẹ má làmínéètì. Ẹ kọ orúkọ láti òsì ẹ̀yin tó ń wò ó sí ọ̀tún, kí ẹ sì sọ pé láti òsì ni. Ẹ kọ orúkọ ìsọmọlórúkọ, oríkì, àti orúkọ tí ilé ń pè é; ìlú; ọdún, kí "ń.b." ṣáájú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ nǹkan bí, àti orúkọ ẹni tó sọ fún yín pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹni tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà òfìfo. Ẹ má fò ó.